Fọ́tò ìrìnàjò àtijọ́ àti kọ́míìkì lórí ògiri kan náà: ṣé ó bójú mu?

Ìbéèrè tí òǹkàwé kan fi ránṣẹ́ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Maryland ni mo ń gbé, ọmọ mi sì wà ní kíláàsì kẹfà. Ilé ìwé wọn fẹ́ ṣe ìpàtẹ kékeré nípa Matthew Henson, ọmọ ìpínlẹ̀ wa níbí, aláwọ̀ dúdú tó bá Robert Peary, olùṣàwárí ará Amẹ́ríkà, lọ sí ìpẹ̀kun àríwá ayé ní 1909. Wọ́n ní àwọn máa gbé fọ́tò ìrìnàjò náà kọ́ sára ògiri, àwọn á sì gbé ojú ìwé kọ́míìkì kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ òbí, èmi nìkan ni mo sì yarí. Lójú tèmi, fọ́tò ni ẹ̀rí, eré ọmọdé ni kọ́míìkì. Bí wọ́n bá pa wọ́n pọ̀, ṣé àwọn ọmọ ò ní rò pé àlọ́ ni gbogbo rẹ̀? Ọkùnrin tí wọn ò kà sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣé inú kọ́míìkì ló tún yẹ ká ti máa wò ó?”

Ẹ ṣeun, ìyá. Ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra nínú ìbéèrè yín, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tú wọn sọ́tọ̀. Èkíní, ẹ̀rù ń bà yín kí ẹ̀rí àti àròsọ má dàpọ̀ lọ́kàn ọmọdé. Èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ iyì: ẹ ò fẹ́ kí wọ́n sọ ẹni tí ayé ti rẹ́ jẹ di ohun ẹ̀rín. Nídìí fọ́tò àtijọ́ ni iṣẹ́ mi wà. Àwa la máa ń yan èyí tó máa jáde sórí ògiri mùsíọ́mù àti èyí tó máa dúró sínú àpótí, nítorí náà ẹ lè máa retí pé màá gbè sẹ́yìn fọ́tò. N kò gbè sẹ́yìn rẹ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má dá ìpàtẹ náà dúró. Bí wọ́n ṣe fẹ́ to àwọn àwòrán náà ni kí ẹ bá wọn fà.

Ẹ wo fọ́tò tó gbajúmọ̀ jù nínú ìrìnàjò náà, èyí tí wọ́n yà ní oṣù kẹrin 1909. Ọkùnrin márùn-ún dúró lórí yìnyín, kálukú pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. Henson ló wà láàárín, òun ló di àsíá Amẹ́ríkà tí ìyàwó Peary fi sílíìkì rán mú. Àwọn mẹ́rin yòókù ni Ooqueah, Ootah, Egingwah àti Seegloo, ọmọ Inughuit láti àríwá Greenland. Peary kò sí nínú rẹ̀, òun ló wà nídìí kámẹ́rà. Àsíá tó wà lọ́wọ́ àwọn Inughuit yẹn kò kàn wọ́n rárá: ọ̀kan jẹ́ ti Red Cross, ọ̀kan jẹ́ ti ẹgbẹ́ tí Peary wà nígbà tó ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn tó kù jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ míì ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan ló pinnu ẹni tó máa wà láàárín, ohun tí kálukú máa dì mú, àti ibi tí àwòrán náà máa parí sí. Ìpinnu tí ayàwòrán kọ́míìkì máa ń ṣe kó tó fi pẹ́ńsù kan bébà náà nìyẹn.

Àwọn tí kò sí nínú fọ́tò náà tún pọ̀ ju àwọn tó wà níbẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n kúrò ní Cape Columbia, ní etíkun àríwá Kánádà, ọkùnrin 24 ni wọ́n, 17 nínú wọn jẹ́ Inughuit, pẹ̀lú ajá 133 àti slẹ́ẹ̀jì 19, ìyẹn ọkọ̀ pákó aláìnítáyà tí ajá máa ń fà lórí yìnyín. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dá àwọn kan padà lójú ọ̀nà, títí ó fi ku mẹ́fà. Aṣọ onírun tó wà lọ́rùn àwọn márùn-ún inú fọ́tò yẹn, àwọn obìnrin Inughuit tó wà nínú Roosevelt, ọkọ̀ òkun Peary, ló fi awọ ẹranko rán an, láìsí aṣọ náà kò sẹ́ni tó máa dé ibì kankan. Ẹ̀yin náà ẹ mọ fọ́tò ìgbéyàwó: àwọn tó se oúnjẹ kì í sábà sí níbẹ̀.

Ibo gan-an ni wọ́n dúró sí lọ́jọ́ náà? Fọ́tò kò lè sọ. Orí omi òkun tó di yìnyín ni wọ́n wà, kò sí òkè, kò sí igi, kò sí àmì kankan. Yìnyín ìpẹ̀kun ayé àti yìnyín tó wà ní ọgọ́rùn-ún máìlì sí i jọ ara wọn. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò náà ló ń sọ fún wa pé ìpẹ̀kun ayé nìyẹn. Ká tó gba irú ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò bẹ́ẹ̀ gbọ́, ẹ jẹ́ ká wo Frederick Cook, ẹni tó ní òun ti dé ibẹ̀ ní oṣù kẹrin 1908, ọdún kan ṣáájú Peary. Ní 1906, Cook ti kọ́kọ́ sọ pé òun gun Denali ní Alaska, òkè tó ga jù ní Amẹ́ríkà, dé téńté. Fọ́tò ló fi ṣe ẹ̀rí: Ed Barrill, ẹni tí wọ́n jọ lọ, dúró lórí àpáta pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. Fọ́tò náà wọ inú ìwé, àwọn èèyàn sì gbà á. Ní 1909, Barrill búra pé àwọn ò dé téńté òkè náà rárá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Herschel Parker àti Belmore Browne wá àpáta yẹn lọ, wọ́n rí i, wọ́n sì ya fọ́tò tiwọn níbẹ̀. Òkìtì kékeré kan lásán ni, nǹkan bíi máìlì 19 sí téńté Denali. Ní àwọn ọdún 1990, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Robert Bryce tún rí ẹ̀dà fọ́tò Cook tí wọn ò tíì gé etí rẹ̀. Ohun tí wọ́n gé dànù ni ẹ̀gbẹ́ ibi tí ì bá ti tú u fó. Kámẹ́rà kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀: àpáta wà lóòótọ́, Barrill wà lóòótọ́. Ibi tí wọ́n gé e dé àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni irọ́ wà.

N kò sọ pé ohun tí Cook ṣe ni Peary náà ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà kò tíì tán. Ilé aṣòfin Amẹ́ríkà bu ọlá fún un ní 1911. Ní 1988, Wally Herbert, ará Gẹ̀ẹ́sì tóun náà ti rin orí yìnyín àríwá já, yẹ ìwé tí Peary ń kọ lójoojúmọ́ wò, ó sì ní ó jọ pé wọn ò débẹ̀ gan-an. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ ìtukọ̀ wọn òjìji tó wà nínú àwọn fọ́tò yẹn láti fi mọ bí oòrùn ṣe ga tó nígbà tí wọ́n yà wọ́n. Àwọn ní tiwọn sọ pé Peary dé itòsí ibẹ̀ dáadáa. Àwọn míì tún ta kò wọ́n, torí pé yìnyín tí kò tẹ́jú kì í jẹ́ kí òjìji ṣeé wọ̀n bó ṣe yẹ. Èmi ò lè dá ẹjọ́ yẹn, ó sì dá mi lójú pé fọ́tò nìkan kò lè dá a. Ẹ̀rí ni lóòótọ́, àmọ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà.

Ohun míì tún wà tí àwọn ọmọ kì í sábà mọ̀. Fọ́tò Henson nínú aṣọ onírun, èyí tó wà lára páálí ọ̀pọ̀ ìwé nípa rẹ̀, kì í ṣe ìpẹ̀kun ayé ni wọ́n ti yà á. Nígbà tí Peary bá sì fẹ́ bá èrò sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn, orí gíláàsì pẹlẹbẹ ni wọ́n máa ń tẹ fọ́tò rẹ̀ sí, tí wọ́n á fi iná gbé e sára ògiri. Ọwọ́ ni wọ́n fi kun àwọ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹni tó ń kùn ún sì lè má fojú kan yìnyín àríwá rí. Àwọn gíláàsì aláwọ̀ yìí wà ní mùsíọ́mù Peary–MacMillan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Bowdoin ní ìpínlẹ̀ Maine, ilé ìwé Peary fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí bóyá fọ́tò ni wọ́n tàbí àwòrán ọwọ́, màá ní méjèèjì ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń gbé inú ilé kan náà.

Kámẹ́rà sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Òru àríwá máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù, kámẹ́rà ìgbà yẹn kò sì lè ṣe nǹkan púpọ̀ nínú òkùnkùn. Nígbà tí ìjì bá ń jà, tàbí tí yìnyín bá là tí omi òkun yọ láàárín rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bọ́ ìbọ̀wọ́ kó wá máa tẹ kámẹ́rà. Àwọn ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ Henson pọ̀ jù. Òun ló ń kan slẹ́ẹ̀jì, tó ń tún èyí tó fọ́ ṣe, tó ń darí ajá, tó máa ń ṣáájú lanà lórí yìnyín. Ó gbọ́ èdè àwọn Inughuit débi tó lè bá wọn jókòó sọ̀rọ̀, èyí tí Peary kò lè ṣe tó o. Ìmọ̀ báyìí kò ṣeé fi fọ́tò kan ṣoṣo hàn, ṣùgbọ́n bí àpótí àwòrán kọ́míìkì mẹ́fà bá tẹ̀ léra, ọmọdé máa rí i: igi ṣẹ́, ọwọ́ ń gbọ̀n, ó so ó, ó tún so ó, ajá gbéra. Mo ti rí àwọn àgbàlagbà tó fẹsẹ̀ yíyára kọjá lára fọ́tò slẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n sì dúró pẹ́ níwájú àwòrán ẹni tó ń tún un ṣe.

Ní ti iyì, níbí gan-an ni mo ti fẹ́ kí ẹ tún èrò yín pa. Nígbà tí wọ́n ń pọ́n Peary lé káàkiri, iṣẹ́ wo ni Henson ń ṣe? Láti 1913 títí di 1936, ilé iṣẹ́ aṣọ́bodè ní New York ló wà, ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ońṣẹ́, ó sì di akọ̀wé. Ọdún 1937 ni ẹgbẹ́ àwọn olùṣàwárí, Explorers Club, tó gbà á wọlé. Ó kú ní 1955, wọ́n sin ín sí Woodlawn ní Bronx. Ó di 1988 kí wọ́n tó gbé e lọ sí Arlington, itẹ́ òkú àwọn ológun Amẹ́ríkà, nítòsí sàréè Peary. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìwé kọ́míìkì wà lára ibi díẹ̀ tí ọmọ aláwọ̀ dúdú ti lè rí i. Ní 1947, Negro Heroes sọ ìtàn rẹ̀. Ní 1969, Bertram Fitzgerald, tó dá kọ́míìkì Golden Legacy sílẹ̀ kí àwọn ọmọ lè mọ ìtàn àwọn èèyàn wọn, ya odindi ìwé kan sọ́tọ̀ fún Henson. Ọdún 19 ṣáájú ìsìnkú Arlington nìyẹn. Kọ́míìkì kò fi Henson ṣe yẹ̀yẹ́. Owó péréte ni wọ́n ń tà á, ó sì wọ ilé tí mùsíọ́mù kò dé.

Nínú àwọn ti òde òní, èyí tó wù mí jù ni ti Simon Schwartz, ará Jámánì, tó jáde ní 2012 pẹ̀lú orúkọ Packeis, tí wọ́n sì tẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 2015 bíi First Man. Ohun tó mú un wù mí ni pé ó jẹ́ kí ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Inughuit bá ìtàn àwọn ará Amẹ́ríkà rìn, torí àwọn Inughuit kò gbàgbé Henson nígbà tí Amẹ́ríkà gbàgbé rẹ̀. Mahri-Pahluk ni wọ́n ń pè é. N kò mọ̀ bóyá èyí ni ilé ìwé yín mú. Ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì ka gbogbo ìwé náà fúnra yín kí ẹ tó gbà, kì í ṣe ojú ìwé méjì tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ nìkan.

Ẹ̀rù yín kì í ṣe lásán o. Kọ́míìkì ní ewu tirẹ̀, èyí tó sì ga jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ayàwòrán bá kọ gbólóhùn kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu Henson, gbólóhùn náà ni ọmọ máa rántí títí ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayàwòrán ló rò ó. Ewu kejì ni ojú tí wọ́n ń yà fún èèyàn. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ kọ́míìkì ló ń ya aláwọ̀ dúdú bí ẹni tí ètè bo ojú mọ́lẹ̀. A ti ń ṣọ́ ìyẹn báyìí. Èyí tí àwọn èèyàn kì í ṣọ́ ni bí wọ́n ṣe ya àwọn Inughuit: ṣé ojú kálukú yàtọ̀, ṣé wọ́n lórúkọ, àbí ojú kan náà ni wọ́n yà fún gbogbo wọn, tí wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn? Kọ́míìkì tó bá gbé Henson ga tó sì sọ Ootah di ohun ọ̀ṣọ́, ìwà Peary ló tún hù.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n gbé e kọ́ wá ńkọ́? Ohun tí ilé ìwé sọ fún yín, kí fọ́tò kan àti àwòrán kan máa dúró méjìméjì títí ògiri fi tán, kò wù mí. Kíá ni ó máa ń di eré wíwá ohun tó yàtọ̀, àwọn ọmọ á máa ka àsíá, wọ́n á ní ayàwòrán ṣì í. Ó sì máa ń sọ kọ́míìkì di ẹrú fọ́tò, bí ẹni pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jọ ọ́ lọ. Bí wọ́n bá wá yà wọ́n sí yàrá méjì pátápátá, bí ẹ̀yin ṣe fẹ́, kò sí àṣìmú, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń bẹ̀rù á wá rí bẹ́ẹ̀ gan-an: àwọn ọmọ á sáré kọjá nínú yàrá fọ́tò lọ sí yàrá kọ́míìkì. Bó bá jẹ́ tèmi, ògiri àkọ́kọ́ á jẹ́ ti fọ́tò nìkan, wọn ò ní pọ̀, wọ́n á tóbi, wọn ò sì ní gé etí ìkankan. Ògiri kejì á jẹ́ ti kọ́míìkì, ojú ìwé tó tẹ̀ léra tó ṣeé kà bí ìtàn, kì í ṣe àpótí kan níhìn-ín, àpótí kan lọ́hùn-ún. Ibì kan ṣoṣo ni kí wọ́n ti pàdé, níbi fọ́tò oníàsíá márùn-ún yẹn, pẹ̀lú ojú ìwé tí ayàwòrán ti ya ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà. Níbẹ̀ kí olùkọ́ dúró, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé ta ló wà lẹ́yìn kámẹ́rà, ta ló sì wà lẹ́yìn pẹ́ńsù. Ọmọ kíláàsì kẹfà lè dáhùn ìyẹn. Fún àwọn tó kéré sí i, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ni kí ẹ bá wọn mójú tó jù. Lábẹ́ fọ́tò: ẹni tó yà á, ọjọ́ tó yà á, ibi tó sọ pé òun ti yà á, orúkọ gbogbo àwọn márààrún láti òsì sí ọ̀tún. Lábẹ́ kọ́míìkì: orúkọ ayàwòrán, ọdún, àti ìlà kan tó sọ pé ayàwòrán ló kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Mo ti rí ìpàtẹ ńlá tó ná owó sórí iná àti férémù, tí kò sì ní irú ìlà kan yẹn.

Àwọn fọ́tò kan wà tí n kò fẹ́ kí wọ́n gbé kọ́ rárá. Peary ya àwọn obìnrin Inughuit níhòòhò, ó sì tẹ irú rẹ̀ jáde nínú ìwé rẹ̀ ti 1898. Bí olùkọ́ bá ń wá fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa bá a pàdé, bó sì ti wù kó jẹ́ ohun ìtàn tó, ògiri ilé ìwé kọ́ ni àyè rẹ̀. Ti Minik yàtọ̀. Ní 1897, Peary kó Inughuit mẹ́fà wá sí New York, sí American Museum of Natural History, ọmọdékùnrin yìí àti bàbá rẹ̀ Qisuk sì wà nínú wọn. Mẹ́rin kú, títí kan bàbá náà. Mùsíọ́mù ṣe ìsìnkú ẹ̀tàn níwájú ọmọ, ó sì gbé egungun bàbá rẹ̀ pamọ́. Ó di 1993 kí wọ́n tó dá egungun àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí Qaanaaq ní Greenland. Èmi á gbé fọ́tò Minik kọ́, bí olùkọ́ tó lè ṣàlàyé bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ àwọn ọmọ yẹn, èmi ò mọ̀ wọ́n.

Ó ku ti àṣẹ. Àwọn fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1909 àti 1910 ti di ti gbogbo ayé ní Amẹ́ríkà, Library of Congress sì ní díẹ̀ tí ilé ìwé lè wà jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ́míìkì tuntun kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní olówó. Kí wọ́n kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí wọ́n sọ iye ojú ìwé tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́, iye ọjọ́ tó máa wà níbẹ̀, àti pé wọn ò ní gba owó ìwọlé. Ìdáhùn lè pẹ́, nítorí náà kí wọ́n kọ ìwé yẹn kí wọ́n tó ra férémù.